Ebi tí Kì í Kùn: Ohun tí Lazaret Kọ́ Ayé nípa Ọ̀rá Inú Ẹyin

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Àmọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn kì í bi ara wọn léèrè pé irú ebi wo gan-an ni àwọn àgbà ń wí. Ṣé ebi tó ń kùn nínú ikùn nìkan ni, àbí ebi mìíràn tún wà tí kì í kùn, tí kì í pariwo, tó jẹ́ pé inú ẹ̀jẹ̀, inú ẹ̀dọ̀ àti inú ọpọlọ ló máa ń fara pamọ́ sí? Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdáhùn ìbéèrè yìí, kí ó kọ́kọ́ fi ọkàn rìn dé Niamey, olú ìlú orílẹ̀-èdè Niger tó bá Nàìjíríà pààlà lápá àríwá, kí ó sì dúró ní àdúgbò kan tí wọ́n ń pè ní Lazaret.

Àwọn ọmọ Yorùbá tó ń ṣòwò ní Niamey kò ní í ṣàì mọ orúkọ àdúgbò yìí. Èdè Faransé ni wọ́n ti mú orúkọ náà. Ibi tí wọ́n máa ń ya àwọn alárùn sọ́tọ̀ sí, kí àìsàn wọn má baà ran ará ìlú, ni àwọn Faransé ń pè ní lazaret, orúkọ Lásárù inú Bíbélì ló sì fara hàn nínú ọ̀rọ̀ ọ̀hún. Lásárù tálákà ni ìtàn sọ pé ó dùbúlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ọlọ́rọ̀, tó ń wá èérún oúnjẹ tó ń bọ́ sílẹ̀ láti orí tábìlì. Àfi bí ẹni pé ẹni tó sọ àdúgbò náà lórúkọ ti rí ohun tí ń bọ̀ wá ṣẹlẹ̀ níbẹ̀.

Ọ̀dá tó bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Sahel ní nǹkan bí ọdún 1968 kò tú àwọn èèyàn sílẹ̀ títí di ọdún 1974. Òjò kọ̀, koríko gbẹ, kànga gbẹ. Àwọn darandaran Tuareg àti Fúlàní, tí wọ́n ti ń da màlúù, ràkúnmí àti ewúrẹ́ láti ìran dé ìran, ń wo ẹran wọn bó ti ń ṣubú lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ẹni tó ní agbo ẹran fi di ẹni tó mú ọ̀pá nìkan dání. Wọ́n forí lé gúúsù. Àgọ́ ńlá kan gbilẹ̀ sí Lazaret, tó jẹ́ ẹ̀yìn ìlú nígbà náà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn sì kóra jọ síbẹ̀, wọ́n ń retí oúnjẹ ìrànwọ́. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ yìí gbóná débi pé nígbà tí Ọ̀gágun Seyni Kountché gba ìjọba lọ́wọ́ Ààrẹ Hamani Diori ní ọjọ́ 15, oṣù kẹrin, ọdún 1974, ọwọ́ tí ìjọba Diori fi mú oúnjẹ ìrànwọ́ wà lára ẹ̀sùn tí àwọn ológun kà sí i lẹ́sẹ̀.

Àwọn ilẹ̀ òkèèrè kó ọkà àti wàrà gbígbẹ ránṣẹ́ sí ilẹ̀ Sahel. Ọpẹ́ ni fún wọn, nítorí oúnjẹ tó bá wà nílẹ̀ ni ẹni tí ebi ń pa ń jẹ. Síbẹ̀, ẹ rò ó wò. Kí ni darandaran pàdánù nígbà tí màlúù rẹ̀ kú? Wàrà ni. Wàrà ló ń mu láàárọ̀, wàrà ló ń mu lálẹ́, wàrà ni ìyàwó rẹ̀ fi ń tọ́ ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú. Ọ̀pọ̀ wàrà gbígbẹ tí wọ́n fi ń ṣe ìrànwọ́ láyé ìgbà náà ló sì jẹ́ èyí tí wọ́n ti ré ọ̀rá rẹ̀ kúrò. Nínú wàrà tútù, gbogbo ẹ̀kán ọ̀rá tó wà níbẹ̀ ló wọ ẹ̀wù tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ojú lásán kò lè rí. Bí wọ́n bá ré ọ̀rá kúrò, ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀wù náà á bá a lọ. Kí ni Ẹlẹ́dàá fi dá ẹ̀wù yìí? Ibẹ̀ gan-an ni kókó ọ̀rọ̀ wà.

Ọ̀rá kan ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rá lásán. Ọ̀rá onífọ́sífọ́rọ́ọ̀sì ni. Fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì ni èròjà tí Hennig Brand, ará ìlú Hamburg ní Jámánì, kọ́kọ́ rí ní ọdún 1669 nígbà tó ń se ìtọ̀ lórí iná, tó rò pé òun yóò rí wúrà níbẹ̀. Èròjà yìí kan náà ni wọ́n ń fi sí ẹ̀gbẹ́ páálí ìṣáná tí èèyàn ń ṣá iná sí. Nínú ara, kì í dá wà bẹ́ẹ̀. Ó máa ń so mọ́ nǹkan mìíràn, ara ohun tó sì ń so mọ́ ni ọ̀rá.

Ọ̀rá lásán, irú èyí tó pọ̀ nínú òróró àti epo pupa, dà bí ẹ̀dá ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, gbogbo ẹsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì kórìíra omi. Ìdí nìyí tí epo fi máa ń léfòó lórí omi ọbẹ̀. Ẹsẹ̀ méjì péré ni ọ̀rá onífọ́sífọ́rọ́ọ̀sì ní. Ní ipò ẹsẹ̀ kẹta, orí kan ló wà níbẹ̀, inú orí náà ni fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì wà, orí yìí sì fẹ́ràn omi. Ẹ̀dá kan ṣoṣo, orí rẹ̀ ń fa omi mọ́ra, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń di epo mú. Ẹni tó bá ti fi ọṣẹ fọ ọwọ́ tí epo pupa kún rí yóò mọ ohun tí irú ẹ̀dá bẹ́ẹ̀ lè ṣe. Alárinà ni. Ó ń parí ìjà láàárín ọ̀tá méjì tí kò jọ ń gbé ilé kan.

Theodore Gobley, apòògùn kan ní ìlú Paris, ló kọ́kọ́ yọ irú ọ̀rá yìí jáde láti inú pupa ẹyin láàárín ọdún 1845 sí 1850. Ó sọ ọ́ ní lẹ́sítínì, láti inú ọ̀rọ̀ tí àwọn Gíríìkì ń pe pupa ẹyin. Kò ṣe é ṣe kí ó má rí i níbẹ̀. Bí a bá mú ọ̀rá inú pupa ẹyin, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ ló jẹ́ onífọ́sífọ́rọ́ọ̀sì. Òun ló ń jẹ́ kí ẹyin àti òróró lè para pọ̀ nínú kéèkì. Òun náà ni wọ́n ń fi sínú ṣokoléètì kí ó lè dán kí ó sì rọ̀, òun ni wọ́n sì máa ń fi bo ìyẹ̀fun mílíìkì ọlọ́ràá inú agolo kí ó lè tètè pò mọ́ omi láì dì kóló-kóló. Láti ara sóyà ni àwọn ilé iṣẹ́ ti ń rí èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ báyìí.

Bó bá jẹ́ ti kéèkì àti ṣokoléètì nìkan ni, ọ̀rọ̀ náà ìbá má tó ohun tí èèyàn ń jókòó kà. Ní ọdún 1925, àwọn onímọ̀ méjì ní ilẹ̀ Netherlands, Gorter àti Grendel, yọ ọ̀rá inú awọ sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa, wọ́n sì tẹ́ ẹ sórí omi. Wọ́n rí i pé bó ṣe fẹ̀ tó yóò bo ara sẹ́ẹ̀lì náà lẹ́ẹ̀mejì. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ìlọ́po méjì ni ọ̀rá yìí tò sí. Àwọn orí kọjú síta àti sínú níbi tí omi wà, àwọn ẹsẹ̀ fara pamọ́ sáàárín. Báyìí ni ògiri gbogbo sẹ́ẹ̀lì ṣe rí, láti ara kòkòrò tín-ínrín títí dé ara ọba. Ògiri yìí ló ń yan ohun tó lè wọlé àti ohun tó gbọ́dọ̀ dúró síta. Bí a bá sì fa omi inú ọpọlọ gbẹ, ó ju ìlàjì ohun tó kù lọ tó jẹ́ ọ̀rá, ipa ńlá sì ni ti onífọ́sífọ́rọ́ọ̀sì nínú rẹ̀.

Inú ẹ̀dọ̀fóró náà kò lè ṣe é tì. Dókítà Mary Ellen Avery ní Amẹ́ríkà fi hàn ní ọdún 1959 pé ìdí tí ọ̀pọ̀ ọmọ tí oṣù wọn kò pé kì í fi lè mí dáadáa ni pé ohun ọlọ́ràá tó yẹ kó tẹ́ inú ẹ̀dọ̀fóró wọn, tí ọ̀rá yìí pọ̀ jù nínú rẹ̀, kò tíì tó. Ẹ̀dọ̀fóró tí kò ní in á máa lẹ̀ pọ̀ bí ọ̀rá oníke tó tutù, gbogbo ìgbà tí ọmọ bá fẹ́ mí ni yóò máa jà kí ó tó ṣí i.

Ara èèyàn lè fúnra rẹ̀ ṣe ọ̀rá yìí. Èyí kò ṣe é gbàgbé. Ṣùgbọ́n agbẹ́gilére kì í gbẹ́ ère láìsí igi. Ara nílò ọ̀rá, ó nílò fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, ó nílò èròjà aṣaralóore tó wà nínú ẹran, ẹja, ẹyin àti ẹ̀wà, ó sì nílò ohun kan tí wọ́n ń pè ní kólíìnì, tó wà nínú orí lẹ́sítínì. Charles Best, ọ̀kan nínú àwọn tó ṣàwárí ínsúlínì ní Toronto ní ọdún 1921, ló jẹ́ kí ayé mọ bí kólíìnì ti ṣe pàtàkì tó. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kíyè sí i pé àwọn ajá tí wọ́n fi ínsúlínì dá ẹ̀mí wọn sí ń ní ọ̀rá púpọ̀ jù nínú ẹ̀dọ̀. Nígbà tó máa fi di ọdún 1932, wọ́n ti fi hàn pé lẹ́sítínì máa ń lé ọ̀rá náà kúrò, àti pé kólíìnì inú rẹ̀ gan-an ló ń ṣiṣẹ́ náà. Ìdí rẹ̀ kò le. Ẹ̀dọ̀ máa ń di ọ̀rá ní ẹrù kéékèèké kó tó fi ránṣẹ́ sínú ẹ̀jẹ̀, lẹ́sítínì ló sì ń fi ṣe ewé tó fi ń dì í. Bí ẹlẹ́kọ kò bá rí ewé, inú ìkòkò ni ẹ̀kọ á jókòó sí.

Kí wá ni èyí kan Lazaret? Ó kan ibẹ̀ gidigidi. Dókítà Cicely Williams, tó ṣiṣẹ́ ní Gold Coast tó di Ghana lónìí, ló kọ ìwé ní ọdún 1933 àti 1935 nípa àìsàn ọmọdé kan tí àwọn Gã ń pè ní kwashiorkor, ìyẹn àìsàn tó ń mú ẹ̀gbọ́n nígbà tí wọ́n bá já a lẹ́nu ọmú nítorí àbúrò. Ẹsẹ̀ ọmọ á wú, irun rẹ̀ á pọ́n, awọ rẹ̀ á máa bó, inú á máa bí i. Bí àwọn dókítà bá yẹ ẹ̀dọ̀ rẹ̀ wò, ọ̀rá á ti kún un fọ́fọ́. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí gbogbo ohun tó ń fa àìsàn náà, ṣùgbọ́n ohun kan dájú: ọmọ náà lè máa mu ẹ̀kọ yó lójoojúmọ́ kí ó sì wà nínú ebi. Oúnjẹ wà nínú rẹ̀, igi tí ara fẹ́ fi gbẹ́ ère ni kò sí.

Ewu mìíràn tún wà níbẹ̀, èyí tó ya ọ̀pọ̀ olùrànlọ́wọ́ lẹ́nu. Nígbà tí ogun àgbáyé kejì parí ní ọdún 1945, àwọn kan nínú àwọn tí ebi ti hàn léèmọ̀ nínú àgọ́ ẹlẹ́wọ̀n kú lẹ́yìn tí wọ́n rí oúnjẹ jẹ. Ara tí ebi ti fìyà jẹ pẹ́ ti ná fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Bí wọ́n bá ṣàdédé kó oúnjẹ oníṣítáàṣì àti ṣúgà púpọ̀ fún un, ínsúlínì á ru sókè, gbogbo sẹ́ẹ̀lì á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fa ìwọ̀nba fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì tó kù nínú ẹ̀jẹ̀ mọ́ra. Iṣan á rọ, mímí á nira, ọkàn sì lè dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Ìdí nìyí tí àwọn ilé ìwòsàn fi ń fi wàrà fífúyẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní F-75 bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú ọmọ tí ebi ti sọ di aláìsàn, díẹ̀díẹ̀, ní wákàtí mélòó kan síra, kí wọ́n tó fún un ní èyí tó lágbára jù ú lọ. Ẹ̀sọ̀ ni wọ́n fi ń gbé ẹni tó ti inú ebi bọ̀.

Ọgbọ́n tí àwọn èèyàn kọ́ láti inú irú ìyà Lazaret kò ṣòfò. Láàárín ọdún 1990 sí 1999, dókítà ọmọ Faransé kan, André Briend, àti Michel Lescanne tó ni ilé iṣẹ́ Nutriset, po ẹ̀pà lílọ̀, ìyẹ̀fun wàrà, ṣúgà, òróró àti àwọn èròjà aṣaralóore pọ̀. Wọ́n pè é ní Plumpy'Nut. Àpò kan jẹ́ gíráàmù 92, agbára inú rẹ̀ sì tó kálórì 500. Kò fẹ́ omi, kò fẹ́ iná, kì í tètè bàjẹ́. Ìyá lè fún ọmọ rẹ̀ nílé. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó ti tọ́jú ẹ̀pà lílọ̀ sínú ìgò rí mọ̀ pé òróró máa ń ya sókè, ìyókù á sì sẹ̀ sísàlẹ̀. Bí irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ bá yà, ọmọ kan á lá òróró, òmíràn á jẹ ìyẹ̀fun. Lẹ́sítínì wà lára àwọn alárinà tí òfin oúnjẹ àgbáyé fọwọ́ sí pé kí wọ́n fi sí i kí ó má baà yà.

Nígbà tí ebi tún bẹ́ sílẹ̀ ní Niger ní ọdún 2005, ẹgbẹ́ àwọn dókítà aláàánú tí wọ́n ń pè ní Médecins Sans Frontières tọ́jú àwọn ọmọ tó ju 60,000 lọ ní orílẹ̀-èdè náà, oúnjẹ inú àpò yìí sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ nílé ìyá wọn. Ní ọdún 2007, àjọ ìlera àgbáyé àti UNICEF pẹ̀lú àwọn àjọ mìíràn nínú Ìṣọ̀kan Àgbáyé fọwọ́ sí irú ìtọ́jú inú ilé bẹ́ẹ̀. Ní Niamey kan náà, níbi tí Lazaret wà, ilé iṣẹ́ STA di ọ̀kan nínú àwọn tó ń ṣe oúnjẹ náà nílẹ̀ Áfíríkà. Ìlú tó ń retí oúnjẹ láti òkè òkun ní ọdún 1974 ti di ìlú tó ń ṣe é.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí padà wálé báyìí, nítorí ẹni tó ń wo ilé onílé tó ń jó kò gbọdọ̀ gbàgbé òrùlé tirẹ̀. Nílẹ̀ Yorùbá, ọ̀dá Sahel kò dé ibi púpọ̀. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ọmọ ló wà tí ìyá wọn ń fún ní ògì láàárọ̀, tí wọ́n ń jẹ àmàlà ní ọ̀sán, tí wọ́n ń mu gààrí lálẹ́, tí ikùn wọn sì rí roboto. Baba ló ń jẹ ẹran, ọmọ ń lá omi ọbẹ̀. Bí adìẹ bá yé sí ẹ̀yìnkùlé, wọn kò ní jẹ́ kí ọmọ fọwọ́ kan ẹyin rẹ̀, nítorí àwọn kan gbà pé ọmọ tó bá ń jẹ ẹyin yóò di olè.

Bóyá àwọn tó dá àṣà yìí sílẹ̀ ní ìdí tiwọn. Ẹyin ni adìẹ ọ̀la. Bí wọ́n bá jẹ ẹ́ tán lónìí, kò sí adìẹ tí wọn yóò tà lọ́la. Ṣùgbọ́n ayé ti yí padà, wọ́n ti ń fi ọkọ̀ kó ẹyin wọ ọjà. Ẹyin kan ṣoṣo ní kólíìnì tó tó nǹkan bíi mílígíráàmù 150, bẹ́ẹ̀ ìwọ̀n tí àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà dá fún ọmọ ọdún kan sí mẹ́ta lójúmọ́ kò ju 200 lọ. Ohun tí wọ́n ń fi pamọ́ fún ọmọ nítorí ìbẹ̀rù olè ni ohun tí ọpọlọ rẹ̀ ń wá láti fi mọ rere yàtọ̀ sí búburú. Ta ni wá ń ja ta lólè nínú ilé bẹ́ẹ̀?

Òótọ́ ni pé ẹyin ti wọ́n. Kì í ṣe òun nìkan ló wà. Ẹ̀pà wà, ẹ̀wà wà, sóyà wà, ẹ̀dọ̀ ẹran wà, ẹja ṣáwá sì wà. Ilé ìwádìí FIIRO ní Òṣòdì, ní Èkó, ti ṣe ògì tí wọ́n po sóyà mọ́ láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Ìyá tó bá sì lọ sóyà díẹ̀ mọ́ àgbàdo lẹ́yìn tó ti sè é dáadáa ti ṣe ohun tó jọ ọ́. Kí wọ́n da ẹ̀pà tó bá hu èébú nù, nítorí májèlé ni. Ọmú ìyá nìkan ti tó fún oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́. Lẹ́yìn èyí, ẹyin tí wọ́n sè jinná lè wọ inú oúnjẹ ọmọ. Àwọn tó ń ta hóró oògùn lẹ́sítínì olówó gọbọi ní ìdí tí wọ́n fi ń pariwo, ṣùgbọ́n ẹni tí ara rẹ̀ dá, tó ń jẹ oúnjẹ tí a kà sílẹ̀ yìí, ti ní in nínú àwo rẹ̀.

Bí ọmọ tó wà láàárín oṣù 6 sí 59 bá wà nílé, kí òbí fi okùn wíwọ̀n yí òkè apá rẹ̀ ká. Bí kò bá tó sẹ̀ǹtímítà 11.5, tàbí bí ẹsẹ̀ méjèèjì bá wú tó jẹ́ pé ojú ibi tí wọ́n fi àtàǹpàkò tẹ̀ ń jin kòtò, ilé ìwòsàn ló kàn lọ́jọ́ náà gan-an. Kí wọ́n má ṣe sọ pé àwọn yóò fi oúnjẹ púpọ̀ tì í nílé. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 1945 ti fi hàn bí ìyẹn ṣe lè parí.

Àgọ́ ọdún 1974 ti tú ká ní Lazaret. Ọmọ ọdún mẹ́ta tó bọ́ nínú rẹ̀ ti lé ní àádọ́ta ọdún báyìí. Àwọn tí kò bọ́ nínú rẹ̀ kò lè sọ̀rọ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tí ikú wọn kọ́ni kò ṣòro láti gbọ́. Ọmọ tó yó kò tíì jẹun tán, àfi bí ohun tí ara rẹ̀ yóò fi mọ ògiri bá wà nínú oúnjẹ náà. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọmọ tí a kò bọ́ dáadáa kò ní í lágbára láti gbé ilé ọ̀hún ró.